Fọ́tò dókítà òyìnbó tí wọ́n kọ R.N.V.R. sẹ́yìn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá àgbà wa ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Wesley Guild, níbí ní Iléṣà. Nínú àpótí wọn la ti rí fọ́tò dókítà òyìnbó kan nínú aṣọ ológun ojú omi. Orúkọ rẹ̀ àti “R.N.V.R.” wà lẹ́yìn fọ́tò náà. Ẹgbẹ́ wo nìyẹn, báwo la sì ṣe lè mọ ẹ̀ka ìlú tó ti jáde?

Ìdáhùn: Royal Naval Volunteer Reserve ni, ẹgbẹ́ afínnúfíndọ̀ tó máa ń kún àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nígbà náà. Òfin ọdún 1903 ló dá a sílẹ̀, fún àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn kì í ṣe ti òkun: akọ̀wé, olùkọ́, dókítà. R.N.R. (Royal Naval Reserve) ti ọdún 1859 yàtọ̀. Àwọn atukọ̀ òwò àti apẹja ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n pa méjèèjì pọ̀ ní 1958.

Ọrùn ọwọ́ kóòtù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ìlà wúrà ibẹ̀ bá rí kọ́lọkọ̀lọ bí omi tó ń ru, R.N.V.R. ni. Bó bá lọ́ mọ́ra, R.N.R. Bó bá tọ́ gbọọrọ, ológun ojú omi gan-an ni. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni wọ́n fi òpin sí ìlà kọ́lọkọ̀lọ, nítorí náà tí ẹ bá rí i, fọ́tò náà ti ṣáájú ìgbà yẹn. Ìlà méjì jẹ́ ipò dókítà tí wọ́n ń pè ní Surgeon Lieutenant. Bí ìlà tín-ín-rín kan bá wà láàárín wọn, Surgeon Lieutenant-Commander ni.

Aṣọ pupa máa ń wà láàárín ìlà àwọn dókítà. Ẹ má retí rẹ̀ nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun: fílíìmù àtijọ́ sábà máa ń sọ pupa di dúdú, á sì wọnú àwọ̀ kóòtù lọ. Àmọ́ tí ibẹ̀ bá funfun, iṣẹ́ owó àti ìpèsè ni ẹni náà ń ṣe, kì í ṣe ti dókítà.

Ní ti ẹ̀ka ìlú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣìnà sí. Òótọ́ ni pé ẹ̀ka wà káàkiri, wọ́n sì ń kọ́ṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun àtijọ́ tí wọ́n so mọ́ èbúté. Bí àpẹẹrẹ, ẹ̀ka ti odò Tyne, ní England, lo ọkọ̀ tó ń jẹ́ Calliope láti 1907 títí di 1951. Ṣùgbọ́n láti 1939, ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀gá tuntun wọ R.N.V.R. tààrà, láìkọjá ní ẹ̀ka kankan. Tó bá jẹ́ ogun àgbáyé kejì ló lọ, ẹ fi ẹ̀ka sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ tọ̀.

Ìwé Navy List ló kó orúkọ àwọn ọ̀gá sínú. Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Skọ́tílándì gbé àwọn ti 1913 sí 1921 àti ti 1939 sí 1945 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí ẹ máa rí níwájú orúkọ jẹ́ ọjọ́ tó gba ipò yẹn, kì í ṣe ọjọ́ tó wọṣẹ́. Ẹ yẹ ẹ̀dà mélòó kan wò, torí orúkọ lè má tíì sí nínú èyí tí ẹ kọ́kọ́ ṣí.

Tó bá jẹ́ ogun kìíní, ìwé iṣẹ́ wọn wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew, Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ nọ́ńbà ADM 337. Àwọn kan nínú wọn kò rí ọkọ̀ wọ̀ ní 1914: wọ́n kó ìbọn lé wọn lọ́wọ́, wọ́n rán wọn lọ jà lórí ilẹ̀ ní Antwerp, lẹ́yìn náà ní Gallipoli. ADM 339 ni tiwọn.

Iṣẹ́ tó ṣe ní Iléṣà kò ní sí nínú ìwé ológun. Àkọsílẹ̀ míṣọ̀n Mẹ́tọ́díìsì tó dá Wesley Guild sílẹ̀, tó wà ní SOAS, yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni kí ẹ béèrè fún ìyẹn.