Àbúrò mi ní òun ò gba Jésù gbọ́ mọ́, ṣé ìgbàlà ẹ̀ ti bọ́ nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa sà. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ́lẹ̀ ní òun ò ṣe Kristẹni mọ́. Màmá wa wá ka Hébérù 6 fún un lórí fóònù pé kò sí ìrònúpìwàdà fún irú ẹ̀ mọ́, látọjọ́ náà kì í gbé kọ́ọ̀lù wọn. Ṣé bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmúmọ́ra, Sístà. Mẹ́tọ́díìsì ni mí o, lọ́dọ̀ tiwa a gbà pé èèyàn lè fọwọ́ ara ẹ̀ ju ìgbàlà nù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ó ṣeé ṣe kó ní rárá, Jòhánù 10:28 ní kò sẹ́ni tó lè já wọn gbà lọ́wọ́ Jésù, ẹni tó bá lọ pátápátá kì í ṣe tiwa látilẹ̀. Ìjà àtijọ́ ni, ó wà lára ohun táwọn aṣáájú ìjọ torí ẹ̀ ṣèpàdé ní Dort nílẹ̀ Netherlands láti 1618 dé 1619, wọ́n lé àwọn ọmọlẹ́yìn Arminius, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn kan níbẹ̀, síta torí pé èrò wọn jọ tiwa, ọ̀rọ̀ ò sì tán síbẹ̀.

Èyí tó kàn yín gan-an ni pé ṣé ó lè padà. Lọ́dún 250, Késárì Decius pàṣẹ kí gbogbo èèyàn rúbọ sáwọn òrìṣà Róòmù kí wọ́n sì gbàwé ẹ̀rí pé àwọn ti rúbọ. Àwọn Kristẹni kan rúbọ lóòótọ́, àwọn kan kàn fowó ra ìwé náà ni (rìbá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé), wọ́n ti hú díẹ̀ lára irú ìwé yẹn jáde nílẹ̀ Íjíbítì. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n ń sunkún bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Novatian ní Róòmù fárígá pé kí wọ́n má gbà wọ́n, ṣùgbọ́n Cyprian tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní Àríwá Áfíríkà àtàwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹnu kò ní 251 pé ẹni tó bá ronú pìwà dà, ọ̀nà wà fún un, bó tiẹ̀ máa pẹ́. Ẹ̀yìn Cyprian ni mo wà.

Torí náà ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì kankan ránṣẹ́ sí i lórí Wàtsáàpù. Ẹ pè é, ẹ bi í bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó lé e kúrò fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ní ti Màmá, ẹ rọra bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dúró ní ẹsẹ 6, kí wọ́n kà á dé ẹsẹ 9, níbi tí ẹni tó kọ̀wé náà ti ń sọ fáwọn tó ń bá wí pé ọkàn òun balẹ̀ nípa wọn.