Àjà àti ògiri oníhò: kí ẹ tó ra ilẹ̀kùn ńlá

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè láti Òkè-Odò ní Tánkè, nílùú Ìlọrin, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní wọ́n ti fọ́ ilé mẹ́ta ládùúgbò yín láàárín oṣù kan, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ ra ilẹ̀kùn irin ńlá sí iwájú ilé. Ẹ má tíì rà á. Ilẹ̀kùn iwájú ni gbogbo ojú ń wò; ẹ̀yìn ilé ìdáná, fèrèsé ilé ìwẹ̀ àti àjà lolè ń wá kiri.

Kò sí ilé tí olè ò lè wọ̀ bí ẹ bá fún un láàyè. Ohun tí a ń rà lọ́wọ́ wẹ́dà àti bíríkìlà ni kí olè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí iṣẹ́ náà sì pariwo. Nítorí náà, ẹ jáde lálẹ́, ẹ pa iná, ẹ rìn yí ilé ká bí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ibo lèèyàn lè dúró sí tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i? Kí ló lè fi ṣe àkàbà? Irin tánkì omi tó súnmọ́ òrùlé, ẹ̀ka máńgòrò, òrùlé ilé jẹnẹrétọ̀, àkàbà tí bíríkìlà gbàgbé sẹ́yìn, ilé àkọ́ìparí tó fara ti fẹ́ńsì yín. Àkàbà ẹ gbé wọlé, ẹ̀ka ẹ gé e. Ìyẹn ò náni lówó.

Ó wá kan bọ́gúlárì, irin tí a ń fi dí ojú fèrèsé. Páìpù onígun mẹ́rin tó fẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà máa ń gbé kalẹ̀, torí ó dára lójú, ó sì rọrùn láti fi iná jó pọ̀. Inú rẹ̀ ṣófo. Ayùn irin ń gé e kíákíá, bí wọ́n bá sì ki jáákì ọkọ̀ bọ àárín ọ̀pá méjì, á yà wọ́n bí ẹní ya aṣọ ojú fèrèsé. Ẹ béèrè fún irin tí inú rẹ̀ ò ṣófo, 12 mm ó kéré tán, 16 mm bí agbára bá ká a. Àlàfo ọ̀pá kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju íǹṣì mẹ́rin lọ, torí ibi tí orí ọmọdé bá gbà, ara rẹ̀ á gbà, ọmọdé yẹn ni wọ́n á sì ní kó lọ ṣílẹ̀kùn fún àwọn. Kí irin ìdábùú wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan síra. Òun ni kì í jẹ́ kí jáákì ríṣẹ́ ṣe. Ẹ tún wo ojú ibi tí wọ́n jó: ó gbọ́dọ̀ yí irin náà ká. Bó bá jẹ́ ẹ̀kán méjì péré ni wẹ́dà fi kàn án, òòlù kan á tú u. Ẹ̀yìn gíláàsì, nínú ilé, ni kí bọ́gúlárì wà, kì í ṣe níta, kí ó jẹ́ pé olè á kọ́kọ́ fọ́ gíláàsì kí ó tó dé ibi irin.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí irin ṣe nípọn tó ló ń jáni kulẹ̀ jù. Bí wọ́n ṣe dè é mọ́ ògiri ni. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́sàn-án tí a fi ń kọ́lé níhò nínú. Bóòtù tí wọ́n bá lù mọ́ ọn kò rí nǹkan kan dì mú ju awọ búlọ́ọ̀kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn lọ. Dígà kan á fa gbogbo férémù náà yọ, tòun ti bóòtù, irin 16 mm yín á sì wà lódidi lórí ilẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí wẹ́dà jó ẹsẹ̀ irin mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan férémù, kí ẹsẹ̀ yẹn gùn ní íǹṣì márùn-ún, kí ẹnu rẹ̀ là bí ìrù ẹja. Bíríkìlà á dá ògiri lu síbi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa wọ̀, á fi kọnkéré kún ihò inú búlọ́ọ̀kù (sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta), á sì ri ẹsẹ̀ irin sínú rẹ̀. Ẹ wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ fi àpò tútù bò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á gbẹ kí kọnkéré tó mú, á sì máa rún bíi gààrí.

Àjà wá ńkọ́? Àjà PVC tí gbogbo wa ń ṣe báyìí, àtẹ́lẹwọ́ lásán á tì í wálẹ̀. Olè á gun irin tánkì, á ṣí páànù lórí ilé ìdáná tàbí kí ó tú pákó etí òrùlé, á sì bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín láìfọwọ́ kan ilẹ̀kùn kankan. Alẹ́ òjò ló dùn mọ́ ọn jù, torí ariwo páànù ń bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilé yàrá ojúkojú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Unilorin ń gbé tilẹ̀ burú ju èyí lọ: nínú púpọ̀ wọn, ògiri tó la yàrá méjì kì í dé òrùlé, ibi àjà ló ń tán sí. Bí yàrá ẹ̀gbẹ́ bá ṣófo, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á gba orí àjà bọ́ sí tiyín. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba yàrá, ẹ béèrè èyí kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́, kí ó to irin 12 mm bí àwọ̀n sórí ògiri kí wọ́n tó kan àjà, kí etí rẹ̀ wọnú kọnkéré. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti parí, bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ nǹkan kan, géètì irin ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni màá mú, èyí tó pín pálọ̀ níyà sí yàrá tí ẹ ń sùn. Bí olè bá tiẹ̀ wọ pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n ló máa bá níbẹ̀, kò ní bá ọmọ yín. Àmọ́ àjà ẹ̀yìn géètì yẹn náà gbọ́dọ̀ ní irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olè á bọ́ láti òkè sí ẹ̀gbẹ́ yín gan-an.

Ìlẹ̀kùn irin aláràbarà tó ń ti Ṣáínà wá, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí wọ́n fi pépà oníhò bí afárá oyin sí láàárín. Ẹ wo ojú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti ìta: bí irin tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ bá yọ síta ju 3 mm lọ, olè á fi páìpù dì í mú, á ṣẹ́ ẹ. Ẹ ra èyí tó bá ìnípọn ilẹ̀kùn mu. Bí ínjì, irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí, bá wà níta, ẹ ní kí wẹ́dà jó orí píìnì rẹ̀, kí ó sì fi irin kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ ínjì tí á máa wọnú ihò férémù nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì. Ti àgádágodo géètì, kí ọrùn rẹ̀ nípọn tó 10 mm, kí ó sì kúrú. Ọrùn gígùn ni ayùn ń fẹ́. Kí wọ́n jó àpótí irin yí i ká, kí ọwọ́ nìkan lè wọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀. Ẹ má fi òróró jẹnẹrétọ̀ sínú rẹ̀, eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á há. Ẹ fá inú pẹ́ńsù sí ara kọ́kọ́rọ́. Bí ayálégbé bá sì kó jáde, ẹ pààrọ̀ ojú kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀dà rẹ̀ lè wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Iná ìta ni kí ó mọ́lẹ̀, kí inú ilé ṣókùnkùn. Iná sólà tó ń tàn bí èèyàn bá kọjá dára, ṣùgbọ́n ẹ jí ní aago mẹ́ta òru kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń tàn. Àwọn olówó pọ́ọ́kú ti kú kí ilẹ̀ tó jìn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa nu ojú sólà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti àfọ́kù ìgò orí fẹ́ńsì, kò ṣe nǹkan kan fún ẹni tó mú òfìfo àpò ìrẹsì méjì dání láti tẹ́ lé e. Ajá ńkọ́? Ajá kékeré méjì tó lè gbó wúlò ju ńlá kan tó ń jẹ ẹran tí àlejò jù sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù jìnnà sí fèrèsé. Ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lẹ́nu ni wọ́n fi ń fà á láti inú nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti gé.

Ní Pàkátà tàbí Ìdí-Àpẹ́, àgbà á jókòó síta agboolé, àlejò ò sì lè kọjá láìjẹ́ pé wọ́n bi í pé ilé ta ló ń lọ. Àdúgbò tuntun ò ní irú ìyẹn, ọdẹ la fi ń dí i. Kí ẹgbẹ́ onílé forúkọ àwọn ọdẹ náà sílẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, kí àwọn ọdẹ má sì máa gba ọ̀nà kan náà ní àkókò kan náà. Ọdẹ tó ń fọn fèrè ní kọ̀rọ̀ kan náà ní aago méjì lójoojúmọ́, olè ló ń júwe ara rẹ̀ fún. Bí ẹ bá ń lọ sílé fún Iléyá, ẹ má gbé e sí WhatsApp, ẹ sì fi ẹnìkan sínú ilé. Iná ìta tó tàn láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń sọ pé kò sẹ́nì kankan.

Bí ẹ bá gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ilé, ẹ má jáde. Ẹ ti géètì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ pariwo, ẹ pe aládùúgbò, ẹ pe 112.

Ohun kan kù tí wẹ́dà kì í sọ. Bí gbogbo fèrèsé bá ní irin, tí iná bá sọ nínú pálọ̀, ibo lẹ máa gbà jáde? Kí fèrèsé kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ní bọ́gúlárì tó ń ṣí láti inú pẹ̀lú àgádágodo. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sára ògiri níbi tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè nawọ́ mú un, kí ó sì jìnnà sí fèrèsé ju ibi tí ọ̀pá oníkọ̀ọ́ lè dé. Ẹ fi dánra wò lálẹ́: ẹ pa iná mànàmáná, kí àwọn ọmọ fúnra wọn ṣí i lójú yín.