Ṣé Kí Àbúrò Mi Gba Agbẹjọ́rò Ọ̀fẹ́?

Ìbéèrè: Houston ni mo ń gbé. Wọ́n mú àbúrò mi lórí ẹ̀sùn olè. Green card ló ní, kò tíì di ọmọ ìlú. Kóòtù ní àwọn yóò yan agbẹjọ́rò fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹbí ní èèyàn ìjọba ni irú wọn, pé kí ó kúkú gbà pé òun jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ tán. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí ó gba agbẹjọ́rò náà, kí ó má sì gbà pé òun jẹ̀bi ohunkóhun títí àwọn méjèèjì yóò fi jókòó sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé ìjọba ló ń san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò yín ni oníbàárà rẹ̀, òfin kò sì gbà kí ó tú àṣírí rẹ̀.

Ẹlẹ́wọ̀n kan, Clarence Earl Gideon, ló jà fún ẹ̀tọ́ yìí. Ní 1961, ní Panama City ní ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó fọ́ ilé ayò kan láti jalè. Ó bẹ adájọ́ pé kí wọ́n wá agbẹjọ́rò fún òun, adájọ́ sì fèsì pé ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ lè mú ikú wá nìkan ni òfin ìpínlẹ̀ náà fún ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ó rojọ́ fúnra rẹ̀, ó sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Inú ẹ̀wọ̀n ló wà tó fi pẹ́ńsù kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di oṣù Kẹta 1963, gbogbo adájọ́ 9 fohùn ṣọ̀kan pé ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ wá agbẹjọ́rò fún aláìní tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ńlá kàn.

Ẹ ka èyí tó kù sétí àwọn ẹbí. Wọ́n tún ẹjọ́ Gideon gbọ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, níwájú adájọ́ kan náà, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tí kóòtù yàn, W. Fred Turner, ló dúró fún un. Awakọ̀ takisí tó gbé e lọ́jọ́ náà jẹ́rìí pé ó ní kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn burú létí! Turner bi í bóyá Gideon ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Awakọ̀ náà ní gbogbo ìgbà ni Gideon ń sọ ọ́, nítorí wàhálà Gideon àti ìyàwó rẹ̀. Nǹkan bí wákàtí kan ni àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn sórí ẹjọ́ náà fi jíròrò kí wọ́n tó ní kò jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ green card gan-an ló ń kọ mí lóminú. Jose Padilla, ọmọ Honduras, ti lo ọdún tó lé ní 40 ní Amẹ́ríkà, ó sì bá wọn jagun ní Vietnam, kí wọ́n tó bá igbó nínú ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ ní Kentucky. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé ó ti pẹ́ nílùú. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, ìyẹn náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n lè dá padà sílé. Ní 2010, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ kìlọ̀ irú ewu bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé kóòtù àwọn aṣíwọ̀lú, ìjọba kì í san owó agbẹjọ́rò níbẹ̀, nítorí náà ìsinsìnyí ló yẹ kí ẹ dáàbò bò ó.

Ẹjọ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́, nítorí náà ẹ má dúró kí ó bi yín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé, kí àbúrò yín sọ fún un pé òun kì í ṣe ọmọ ìlú, kí ẹ fún un ní ẹ̀dà green card náà, kí agbẹjọ́rò náà sì ṣàlàyé ohun tí gbígba ẹ̀bi yóò ṣe sí i, kí àbúrò yín tó fọwọ́ sí ìwé kankan.