Kí ni àwọn àgbà ń wí nígbà tí wọ́n bá pe ọmọ ní ẹlẹ́gbẹ́?

Ìyá ọmọ kan tó ń gbé Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń kọ ní Porto-Novo nínú ìwé ìjọba, ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti pé ọdún 4. Ó ti máa ń pe "màámi" àti "omi" rí, ṣùgbọ́n kí ó tó pé ọdún 2 ni àwọn ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é, kì í wẹ̀yìn. Ó lè máa to ìdérí ìgò sílẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, á sì máa dá rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ rẹ̀, ọmọ Kétu, wò ó títí, ó ní ẹlẹ́gbẹ́ ni ọmọ yìí, kí wọ́n ṣe sàráà. Nọ́ọ̀sì kan ní tirẹ̀ dárúkọ ọ́tísíìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, tó máa ń hàn nínú bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí ó ṣe ń bá èèyàn ṣe. Ìyá ọmọ ń fẹ́ mọ ìtumọ̀ ẹlẹ́gbẹ́, bóyá ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, àti bóyá kí òun ṣe sàráà náà.

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ibi tí ìyá ọkọ yín ti bẹ̀rẹ̀ ni èmi náà máa ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ tó sọ ní gbòǹgbò.

Lójú àwọn àgbà wa, kò sí ẹni tó dá wá sáyé. Olúkúlùkù ló ní ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ lọ́run, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré kí ó tó dágbére fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé wọn. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹgbẹ́ wọn kò gbà kí wọ́n gbàgbé, àwọn náà ni à ń pè ní ẹlẹ́gbẹ́, tàbí ẹmẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ àbíkú. Àbíkú a máa kú, a sì máa padà wá sínú ìyá kan náà. Ẹlẹ́gbẹ́ lè dàgbà, ó lè bímọ, ó lè hu ewú, àmọ́ àwọn àgbà gbà pé ọkàn rẹ̀ pín sí méjì, apá kan lọ́dọ̀ wa, apá kan lọ́dọ̀ àwọn tí a kò rí.

Ohun tí ojú wọn rí ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ń dá rẹ́rìn-ín ní igun ilé. A pè é, kò dáhùn, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ gbọ́ ìró ìwé súìtì láti yàrá kejì. Wọ́n gbé e lọ síbi gẹ̀lẹ̀dẹ́, bí ìlù ṣe dún ló di etí, tó bú sẹ́kún, tó fẹ́ sá. Èyí tó máa ń ba àwọn àgbà lẹ́rù jù ni ti ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ tó wá dákẹ́. Wọ́n á ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ohùn náà padà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rò ó pé ojú tó ṣàkíyèsí gbogbo èyí kì í ṣe ojú kékeré. Àwọn oníwádìí ọ́tísíìmù kọ àwọn nǹkan kan náà sílẹ̀: ọmọ tí kì í wẹ̀yìn sí orúkọ rẹ̀, ọmọ tí ariwo ń dùn lára bí ìgbà tí wọ́n nà án, ọmọ tí ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀ láàárín oṣù 15 sí oṣù 24. Nítorí náà, lórí ohun tí wọ́n rí, ìyá ọkọ yín àti nọ́ọ̀sì yẹn lè jọ máa tọ́ka sí ọmọ kan náà. Lórí ohun tó fà á àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni ọ̀nà wọn ti pín.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àṣà yìí ṣe dáadáa, torí pé àwọn ọ̀dọ́ ń jù ú nù láìwò ó. Bí wọ́n bá ti pe ọmọ ní ẹlẹ́gbẹ́, ó di èèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa nà án nínàkunà tàbí kí ó máa fi í ṣẹ̀sín, torí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́, wọ́n sì lè mú un lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe sàráà, wọ́n á se ẹ̀wà, wọ́n á din àkàrà, wọ́n á gé ìrèké, wọ́n á wá àádùn àti ẹ̀pà, wọ́n á wá pe gbogbo ọmọ àdúgbò wá jẹun yí i ká. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ti ń wá ọ̀rẹ́, agboolé wá ọ̀rẹ́ fún un. Ẹni tó gbé àṣà yìí kalẹ̀ fẹ́ràn ọmọ.

Àmọ́ apá kan wà tó ń ṣe ìpalára, mi ò sì ní bò ó. Bí wọ́n bá ti sọ pé ọkàn ọmọ wà lọ́run, àwọn kan kì í kọ́ ọ ní ohunkóhun mọ́, wọ́n á kàn máa wò ó bí àlejò tó fẹ́ máa lọ. Owó tí wọn ì bá fi ṣàyẹ̀wò á bá ẹbọ lọ, tàbí kí ó bá ilé àdúrà lọ. Èyí tó burú jù, wọ́n á yíjú sí ìyá. Wọ́n á ní ó rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tó wà nínú oyún, pé ibẹ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ ti wọlé sí i lára.

Ìyá wa, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn oníṣègùn òyìnbó náà jẹ gbèsè yìí. Ní 1943, Leo Kanner, dókítà àwọn ọmọdé ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ìwà wọn jọra: wọ́n fẹ́ dá wà, wọn kò fẹ́ kí ohunkóhun kúrò ní ipò rẹ̀, àwọn mìíràn a sì máa dá ọ̀rọ̀ tí a bá wọn sọ padà bó ṣe rí. Ó sọ pé ó dà bíi pé àbínibí ni. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé àwọn òbí ọmọ wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́ni, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì gbilẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Bruno Bettelheim ń kọ́ni pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ ló sọ ọmọ di bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń sunkún lórí ọmọ ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Ní 1964, Bernard Rimland, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tí ọmọ tirẹ̀ náà ní ọ́tísíìmù, kọ̀wé tako wọn, ó ní inú ọpọlọ ni kí wọ́n ti wá a.

Àwọn ìbejì ló wá bá wa dá ẹjọ́ yìí, ó sì yẹ kí inú wa dùn sí ìyẹn, àwa tí a ń jó fún Táyé àti Kẹ́hìndé. Ní 1977, àwọn oníwádìí méjì, Susan Folstein àti Michael Rutter, yẹ ìbejì 21 wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú Táyé àti Kẹ́hìndé ní ọ́tísíìmù. Nínú àwọn 11 tó jẹ́ pé ẹyin kan ló pín di méjì, mẹ́rin ni ọ́tísíìmù ti mú Táyé àti Kẹ́hìndé pa pọ̀. Nínú àwọn 10 tó jẹ́ pé ẹyin méjì ni, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó mú àwọn méjèèjì. Ìyá kan náà ló bí wọn, ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ wọn. Bó bá jẹ́ pé ìwà ìyá ló ń fà á ni, ìyàtọ̀ yẹn kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún túbọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun àjogúnbá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló lágbára jù níbẹ̀. Ọ̀sán gangan kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà kò mọ̀ nípa rẹ̀, bí wọ́n bá ti fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ìwé tí Andrew Wakefield, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1998 lórí ọmọ 12 ló dá ìbẹ̀rù yẹn sílẹ̀, ìwé ìròyìn tó tẹ̀ ẹ́ sì ti fagi lé e ní 2010. Ní Dẹ́nímáàkì, wọ́n tẹ̀ lé ọmọ 657,461, wọn kò rí ìsopọ̀ kankan. Ẹ gbé ọmọ lọ gbabẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà ló kàn, torí pé ọmọ yín kò ní jẹ́ ọmọ ọdún 4 títí ayé. Ọ́tísíìmù kì í ṣe àìsàn tó ń lọ, kò sì sí egbòogi tó ń mú un kúrò, ẹ má ṣe ná owó fún ẹni tó bá ní òun ní i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní i ń dàgbà, ó ń kọ́ nǹkan. Donald Triplett ni ọmọ àkọ́kọ́ nínú ìwé Kanner. Ìlú kékeré kan ní Mississippi ló gbé dàgbà. Ó ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó wa ọkọ̀, ó rin ìrìn àjò lọ sí òkè òkun, ẹni ọdún 89 ni nígbà tó kú ní 2023. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ará ìlú mọ̀ ọ́n, wọ́n gbà á bó ṣe rí, wọn kò sì gbà kí àlejò fi í ṣẹ̀sín. Kí ni àwọn àgbà Kétu tún wí ju ìyẹn lọ?

Ohun kan tún wà tó wú mi lórí, torí ó kan ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ gan-an. Damian Milton, oníwádìí tó ní ọ́tísíìmù fúnra rẹ̀, sọ ní 2012 pé bí àwọn kò ṣe yé wa náà ni àwa kò ṣe yé wọn, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Ní 2020, Catherine Crompton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh to àwọn àgbàlagbà mẹ́jọ mẹ́jọ, kí ẹni àkọ́kọ́ sọ ìtàn fún ẹnì kejì, kí ẹnì kejì sọ ọ́ fún ẹnì kẹta, títí dé òpin. Láàárín àwọn tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní ọ́tísíìmù, ìtàn náà dé òpin dáadáa bíi ti láàárín àwọn tí kò ní i. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ wọn wà láyé níbí, wọ́n lè pàdé, wọ́n sì lè gbọ́ ara wọn yé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ẹnì 1 nínú 127 ló wà nínú wọn ní 2021. Ẹ ro iye èrò tó ń wọ ọjà Ọ̀wándó ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ ọjà, ẹ ó mọ̀ pé ẹ kò dá wà.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe wàyí. Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí pé ọmọ tí kò gbọ́ràn náà kì í dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí dókítà tó mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ wò ó. Bí kò bá sí ní Àjàṣẹ́, Kútọnu kò jìnnà. Bí wọ́n bá sọ pé kí ẹ má ṣe bá a sọ Yorùbá mọ́, pé kí ẹ mú Faransé nìkan, ẹ má gbà. Ìwádìí ní Kánádà lórí àwọn ọmọ ọ́tísíìmù tó ń gbọ́ èdè méjì fi hàn pé èdè kejì kò dá wọn dúró. Èdè tí ẹ fi ń ré e lẹ́kún ni kí ẹ máa bá a sọ, kí bàbá rẹ̀ náà máa sọ Ègùn tirẹ̀ bó bá jẹ́ Ègùn. Ẹ jókòó tì í nídìí ìdérí ìgò yẹn. Ẹ to tiyín, ẹ dárúkọ àwọ̀ rẹ̀, ẹ dúró kí ó wò yín. Irú nǹkan báyìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kọ́ àwọn òbí nínú ètò kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún wọn, ìjókòó 9 pẹ̀lú àbẹ̀wò sílé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹni tí kì í ṣe dókítà náà sì lè darí rẹ̀. Adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ ti ẹni tó ń ṣe: bí ọ̀rọ̀ kò bá tètè wá, ẹ fi àwòrán tàbí ìfọwọ́júwe kún un. Kò ní dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀sà sún mọ́ yín. Irú ọmọ yìí a máa yọ́ jáde nílé, omi sì máa ń fà wọ́n mọ́ra, ẹ ti géètì, ẹ kọ́ ọ ní odò wíwẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe. Bí ó bá di ọ̀dọ́ tí gìrì tàbí wárápá mú un, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Wárápá pọ̀ láàárín wọn ju láàárín àwọn ẹlòmíràn lọ, oògùn rẹ̀ sì wà. Ní ti ilé ìwé, òfin kan ti wà nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láti 2017 tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Bí ọ̀gá ilé ìwé kan bá lé ọmọ yín, ẹ lè dárúkọ rẹ̀ fún un.

Ní ti sàráà, ní tèmi o, ẹ ṣe é, bí ìgbàgbọ́ yín bá gbà á. Ìyá ọkọ yín nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ẹ ó sì nílò rẹ̀ ní gbogbo ọdún tó ń bọ̀ ju dókítà èyíkéyìí lọ. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbọ́, pé ẹ ó ṣe é, ṣùgbọ́n kí ìlù má sí, kí ẹ má ṣe pe ju ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, àwọn kan náà tí wọ́n á tún lè máa wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ gbé àwo àkàrà lé ọmọ yín lọ́wọ́ kí òun fúnra rẹ̀ pín in. Bí ó bá di etí, ẹ mú un wọlé kí ó sinmi, ẹ má fipá mú un jókòó. Àmọ́ ẹ gba ọjọ́ àyẹ̀wò etí yẹn kí ẹ tó dá ọjọ́ sàráà, ẹ má sì sún un síwájú nítorí ẹnikẹ́ni.