Ẹ Bi Wá: Oorun Tó O Ti Sùn Tán Nínú Dáńfó

Lóṣù tó kọjá mo ní kí ẹ kọ̀wé wá lórí ohunkóhun tó bá ń dà yín láàmú nínú ara, mo ti rò pé ẹ̀yìn ríro àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni màá máa kà, àfi bí mo ṣe ṣí lẹ́tà àkọ́kọ́, oorun, èkejì, oorun, ẹ̀kẹta náà, oorun. Ó yà mí lẹ́nu, kò sì yà mí lẹ́nu, ṣebí Èkó la wà. Mo mú mẹ́rin nínú wọn. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ kó má bínú, bóyá á rí tiẹ̀ he nínú ti ẹlòmíì.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìyànà-Ìpájà ni mò ń gbé, Ìdúmọ̀tà ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà. Aago 4:30 ìdájí ni mo ti máa ń wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù, kí n tó padà délé ó ti di aago 9 alẹ́. Ó máa ń rẹ̀ mí débi pé egungun á máa ro mí, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe forí lé ìrọ̀rí báyìí, ojú mi á là kedere. Màá yí síbí, màá yí sọ́hùn-ún, màá máa ṣírò wákàtí tó kù kí álààmù dún. Nígbà míì ó máa ń tó aago 1 kí n tó sùn. Ọmọ ọdún 34 ni mí, mi ò mutí, mi ò fa sìgá. Kí ni mo fi ṣe oorun? — Onídàámú, Ìyànà-Ìpájà*

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o, iṣẹ́ Èkó ò ní pa wá. Ohun kan wà tó ò kọ sínú lẹ́tà yìí tó dá mi lójú pé ò ń ṣe é, torí èmi náà ṣe é títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì. Tó o bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ṣé ojú ẹ máa ń là nínú mọ́tò? Má parọ́ fún mi. Kí dáńfó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí Third Mainland Bridge, afárá tó gùn ju kìlómítà 11 lọ tí gó-síló sì lè sọ di ìrìn àjò Ìbàdàn, orí ẹ á ti wà léjìká ẹni ẹlẹ́ni, ẹnu á ti là sílẹ̀, ó di ìgbà tí kọ̀ńdọ́ bá ní "owó ẹ dà níbẹ̀yẹn" kó o tó mọ ibi tó o wà, o sanwó tán o tún padà síbi oorun. Láti aago 7 títí dé Ìyànà-Ìpájà, oorun wákàtí kan ààbọ̀ gbáko nìyẹn. Òun gan-an ni oorun tí ò ń wá kiri lórí bẹ́ẹ̀dì láago 11.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe yé mi. Látìgbà téèyàn bá ti lajú láàárọ̀ ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ, bó ṣe ń pọ̀ sí i loorun á máa kunni sí i, tá a bá sì sùn, á fọ́n ká. Àjọ ni, kò sí nǹkan míì tí mo lè fi wé. O dá àjọ látàárọ̀, alẹ́ ló yẹ kó o kó o, ṣùgbọ́n o ti lọ bá alájọ láago 7 nínú dáńfó, o gbà á, o ná an. Kí lo tún wá ń bá a fà láago 11? Ó ṣẹ́ díẹ̀ kù, ìyẹn lára ẹ ṣe wúwo, àmọ́ kò tó èyí tó máa gbé ẹ lọ. Ká rántí pé ara tó rẹ̀ yàtọ̀ sí ojú tí oorun ń kùn o, ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì lósàn-án lè dùbúlẹ̀ kó má sùn.

Nítorí náà, ti ìrọ̀lẹ́ yẹn, má sùn ún mọ́. Mo mọ̀ pé ó rọrùn lẹ́nu. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ra gúgúrú pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á nínú gó-síló kẹ́nu máa ṣiṣẹ́, pe ìyá ẹ, bí wọ́n bá ń jà nínú mọ́tò nípa ṣéńjì báyìí, dá sí i. Ti àárọ̀ ní tiẹ̀, sùn ún dáadáa, torí ká sọ òótọ́ síra wa, àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 ó kéré tán, ẹni tó sì ń délé láago 9 tó gbọ́dọ̀ jí láago 4, ibo ló ti fẹ́ rí i? Tó o bá lè sùn láago 10 sí aago 4, kó o wá fi wákàtí kan inú mọ́tò ìdájí kún un, ó ti pé. Kó o ṣáà fi fóònù sínú àpò iwájú, torí tó o bá sùn tán, òun náà lè lọ sùn lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ńkọ́? O kúrò nílé ilẹ̀ ò tíì mọ́, o wà nínú ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, o délé ilẹ̀ ti ṣú. Aago kan wà nínú ara wa tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ la fi ń wáyìn ẹ̀. L'Ékòó níbí oòrùn kì í pẹ́ ju nǹkan bí aago 7 lọ kó tó yọ látọdún dọ́dún, torí náà bó o bá ti sọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, má tíì wọlé, dúró síta fún ìṣẹ́jú 20, kó o mu ògì ẹ níbẹ̀. Ara tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ló ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Tó o bá délé, jẹun níwọ̀nba, má jẹ ẹ̀bà òkè méjì láago 9:30 kó o wá lọ na gbọọrọ, oúnjẹ á máa gun òkè wá bá ẹ lọ́fun. Wá wẹ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo ní o, kì í ṣe omi tútù, mo mọ̀ pé ooru ń mú, gbọ́ mi ná: omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ń fa ẹ̀jẹ̀ wá sáwọ̀ ara, tó o bá jáde tán ooru inú ara á máa bá ibẹ̀ jáde, ara á wá tutù, ara tó ń tutù loorun sì ń wọ̀. Bí wákàtí kan ṣáájú oorun ló dáa jù. Àwọn òyìnbó á ní kó o jẹ́ kí yàrá wà ní 18 digírì, ẹ dákun, AC ta ni? Ṣí wíńdò tó ní nẹ́ẹ̀tì, bí Nẹ́pà ò bá sí, tẹ́ ẹní sílẹ̀, ilẹ̀ máa ń tutù ju fóòmù lọ.

Ìṣírò wákàtí yẹn ló kù, òun ló sì burú jù. "Tí mo bá sùn báyìí, wákàtí 4 ló kù." "Ó ti ku 3 báyìí." Ta ló ń ṣírò owó tí oorun ń kùn? Yí aago kọjú sógiri. Onímọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà, Richard Bootzin, láti 1972 ló ti sọ ọ́ pé béèyàn bá ń pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì láìsùn, bẹ́ẹ̀dì náà á di ibi àìsùn lójú ara, bó ṣe jẹ́ pé béèyàn bá ti gbọ́ òórùn ata díndín ni itọ́ ń yọ lẹ́nu ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ń rí ìrọ̀rí tí ojú ẹ ń là. Bó bá ti tó bí ìṣẹ́jú 20 tó ò sùn, dìde. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ, ìwọ wá ń fi wákàtí méjì pirọrọ fún ara ẹ. Mo mọ̀ pé yàrá kan lọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, kò sí pálọ̀ tó o fẹ́ sá lọ, jókòó sórí àpótí, tan iná kékeré, máa ká aṣọ tàbí kó o kọ gbogbo ohun tó o fẹ́ ṣe lọ́la sínú ìwé. Àwọn kan dán ìyẹn wò ní yunifásítì Baylor ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé e jáde ní 2018, àwọn tó fi ìṣẹ́jú 5 kọ iṣẹ́ ọ̀la sílẹ̀ tètè sùn ju àwọn tó kọ èyí tí wọ́n ti ṣe tán lọ. Tójú bá wá ń pa dé, padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lóru àkọ́kọ́, á sì sú ẹ, ṣùgbọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, má sùn di aago 11 àárọ̀ o, kó o wá máa kọ̀wé sí mi pé oorun alẹ́ Sọ́ńdè ò wá.

*Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ iléèwé ni mí, Akọka ni mò ń gbé. A fẹ́ ṣèdánwò, mo máa ń mu ẹ́nájì dírìńkì láago 6 ìrọ̀lẹ́ kí n lè kàwé di aago 11, tí mo bá wá fẹ́ sùn, oorun ò ní wá, màá bá wọ TikTok kí oorun lè dé. — Ọmọ Akọka*

"Kí oorun lè dé" kẹ̀! Kaféènì, nǹkan tó ń lé oorun tó wà nínú ẹ́nájì dírìńkì yẹn, ń jókòó sórí àga tó yẹ kí adenosine jókòó sí, ọpọlọ ò wá ní mọ̀ pé oorun ti pọ̀ nílẹ̀. Ó sì máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò lára, ti aago 6 ìrọ̀lẹ́ yẹn, ìdajì ẹ̀ ṣì wà lára ẹ láago 11. Kọfí, lípítọ́ọ̀nù àti kóòkì náà wà níbẹ̀, obì pẹ̀lú, ẹ bi àwọn dẹ́rẹ́bà tírélà bóyá torí adùn ni wọ́n ṣe ń rún un lóru. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, má mu ún mọ́. Fóònù ńkọ́, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kò dáa fún oorun, àmọ́ lójú tèmi ohun tó wà nínú ẹ̀ ló burú jù, o rẹ́rìn-ín tán, o bínú sí ẹnì kan tó ò mọ̀ rí tán, o ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sùn. Sọ ọ́ sẹ́nu cháàjì lápá ibòmíì nínú yàrá, ibi tọ́wọ́ ẹ ò ní tó. Àti pé ìwé téèyàn kà tí kò sùn lé e lórí kì í dúró sọ́pọlọ.

*Ẹ ǹlẹ́ ńbẹ̀ yẹn. Bàrígà ni mò ń gbé, mo ti lé lọ́mọ ọdún 60. Mo máa ń sùn láago 9, ṣùgbọ́n aago 2 ni màá ti jí, ó parí nìyẹn. Bàbá wọn náà ń dá kún un, wọ́n máa ń hanrun bí ẹ́ńjìnì ìlọta, tó bá yá á dákẹ́ wẹ́lo, wọ́n á wá gbin bí ẹni tí omi fẹ́ mu. Ọmọ kẹ́místì àdúgbò fún mi ní oògùn kékeré kan, ó máa ń gbé mi lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárọ̀ kejì òòyì á máa kọ́ mi. — Ìyá Ìbejì*

Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀, torí ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn ò mú mi láyọ̀. Ìhanrun ìhanrun lọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kó dákẹ́ wẹ́lo kí wọ́n wá gbin, ọ̀nà èémí ló ń pa dé lójú oorun, tí ara ń jí wọn lójijì kí wọ́n lè mí, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóru kan kí wọ́n má mọ̀. Ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn. Ṣé wọ́n máa ń tòògbé lórí àga lọ́sàn-án? Ẹ mú wọn lọ rí dókítà, ọsibítù gidi ni mo ní o, kí ẹ sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ sí mi, torí ẹni tó ń sùn kì í gbọ́ ìhanrun ara ẹ̀, ẹ̀yin lẹlẹ́rìí. Kó tó dìgbà yẹn, kí wọ́n máa fẹ̀gbẹ́ sùn, kí wọ́n má sì fi ọtí pàdé oorun.

Tiyín wá kàn. Ẹ sùn láago 9, ẹ jí láago 2, wákàtí 5 ti lọ, bẹ́ ẹ bá tún sùn wákàtí méjì lọ́sàn-án lábẹ́ fáànù, ara lè máa sọ pé òun ti yó. Ẹ jẹ́ kó tó aago 10 ààbọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé lọ sùn, kí oorun ọ̀sán má ju ìṣẹ́jú 30 lọ, kó má sì kọjá aago 3. Oògùn yẹn ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Mi ò mọ èyí tó jẹ́, àmọ́ bó bá jẹ́ oògùn amúnisùn bíi diazepam tàbí bromazepam, ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ká fún èèyàn nínú ìwé ìròyìn, ó ń di bárakú, òòyì yẹn sì lè gbé àgbàlagbà ṣubú nígbà tó bá ń lọ tọ̀ lóru, kí ìbàdí sì kán. Bó bá jẹ́ oògùn katá bíi Píríton, òun náà ò yẹ àgbà láti máa fi sùn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń lò ó, ẹ má dá a dúró lójijì o, ẹ mú sàṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá mú Bàbá lọ, kí dókítà sọ bẹ́ ẹ ṣe máa dín in kù. Láti 2016 làwọn dókítà Amẹ́ríkà ti fẹnu kò pé fún àgbàlagbà tí oorun ò bá wá fún ìgbà pípẹ́, títún ìwà oorun ṣe, irú èyí tí mo sọ fún ará Ìyànà-Ìpájà lókè yẹn, ló yẹ kó ṣáájú oògùn.

*Mushin ni mo wà. Ìṣọ́ òru lápá ọ̀tún, bíà pálọ̀ lápá òsì, jẹnẹrétọ̀ alájọgbé wa sì wà ní kọ́rídọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Mo ti ń ti wíńdò pa, mo tún ń fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn. — Etí Mi Ò Gbọ́kan*

Ariwo ná. Owú kì í dí ariwo tó bẹ́ẹ̀, lọ ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún etí nílé oògùn, kó o sì jẹ́ kí fáànù máa yí, ariwo tó ń lọ geere máa ń bo èyí tó ń já wọlé lójijì mọ́lẹ̀. Lọ bá pásítọ̀ àti oníbíà sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, má lọ lóru tínú ń bí ẹ. LASEPA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí àyíká, ò gbà kí ariwo ju 45 decibel, ìyẹn òṣùwọ̀n ariwo, lọ lóru níbi táwọn èèyàn ń gbé, bí wọn ò bá gbọ́ tẹnu ẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbé àdúgbò ẹ kọ̀wé lọ síbẹ̀, kó má jẹ́ ìwọ nìkan.

Jẹnẹrétọ̀ kọ́rídọ̀ yẹn, mi ò kà á mọ́ ọ̀rọ̀ oorun rárá. Èéfín ẹ̀ ní carbon monoxide nínú, afẹ́fẹ́ olóró tó ń pààyàn, kò ṣeé rí, kò lóòórùn, ẹni tó ń sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn ò ní mọ ìgbà tó wọlé, àkísà abẹ́ ilẹ̀kùn ò sì lè dá a dúró, wíńdò tó o wá tì yẹn, ó kàn ń sé e mọ́ ẹ nínú ni. Orí fífọ́ àti èébì láàárọ̀ wà lára àmì ẹ̀. Kan ilẹ̀kùn alájọgbé yẹn báyìí, pe onílé sí i, ìta gbangba tó jìnnà sí wíńdò gbogbo yín ni kí wọ́n gbé e sí, kí wọ́n sì gbé e kí ilẹ̀ òní tó ṣú.