Fídíò Kámẹ́rà Ilé: Ká Tọ́jú Ẹ̀ Sílé Ni àbí Ká Gbé E Sí Cloud?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ fi kámẹ́rà mẹ́rin sílé, ọ̀kan lẹ́nu géètì, méjì lẹ́yìnkùlé, ọ̀kan ní pálọ̀ torí àwọn ọmọ. Ọkọ mi ní rẹ́kọ́dà, àpótí tó ń tọ́jú fídíò sílé, la máa rà, pé òun ò ní san owó oṣooṣù fún ẹnikẹ́ni. Èmi ní ká gbé e sí cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan tí fídíò ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ síbẹ̀, torí tí olè bá wá gbé rẹ́kọ́dà ọ̀hún lọ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, kì í ṣe pé mò ń làjà o, ibi tí kálukú ti jàre ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Kámẹ́rà 1080p (èyí tí àwòrán ẹ̀ mọ́ dáadáa) kan tó ń gba fídíò sílẹ̀ tọ̀sán tòru, tẹ́ ẹ bá sẹ́ẹ̀tì ìwọ̀n dátà ẹ̀ sí megabit 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa jẹ tó gigabyte 21 lójúmọ́, mẹ́rin á wá jẹ bíi 86. Hard disk inú rẹ́kọ́dà tó jẹ́ terabyte 1 (ìyẹn gigabyte 1,000) á gbà á fún bí ọjọ́ 11, lẹ́yìn náà á máa fúnra ẹ̀ pa ti àtijọ́ rẹ́ kí tuntun lè ráyè. Ẹ wá ní gbogbo ẹ̀ lẹ fẹ́ máa rọ́ lọ sí cloud, dátà tó lé ní terabyte 2 àbọ̀ nìyẹn lóṣù, ta ló fẹ́ san án? Ibẹ̀ ni bàbá ti jàre. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ cloud fi ń gba kìkì ìgbà tí nǹkan bá mira níwájú kámẹ́rà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì dáwọ́ owó dúró, fídíò yín lè lọ nìyẹn.

Àmọ́ olè tó bá mọṣẹ́ ẹ̀, rẹ́kọ́dà ló máa kọ́kọ́ wá, tó bá wá lọ jẹ́ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló wà tí iná ẹ̀ ń ṣẹ́jú wìrìwìrì, ẹ ti bá a dín iṣẹ́ kù. Ti mẹ́mórì káàdì tún burú jùyẹn lọ, torí inú kámẹ́rà gan-an ló wà, ẹni tó bá já ti géètì yín bọ́ ti gbé àwòrán ojú ara ẹ̀ sápò nìyẹn. Tó bá jẹ́ cloud ni, fídíò ojú ẹ̀ lè ti kúrò nílé kí ọwọ́ ẹ̀ tó kan kámẹ́rà, àfi tó bá ti kọ́kọ́ gé íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tó pa iná.

Témi bá ni, rẹ́kọ́dà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí atẹ́gùn ń wọ̀, ẹ fi UPS kékeré (bátìrì tó ń gbé nǹkan tí iná bá lọ) gbé òun àti rútà tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wá san owó cloud fún ti géètì nìkan.

Fídíò ti pálọ̀ yẹn, ẹ má gbé e lọ sí cloud kankan. Lóṣù kejì ọdún 2024, ẹ̀rọ Wyze, ilé iṣẹ́ kámẹ́rà kan tó ń lo cloud, dákú, ìgbà tó ń padà bọ̀ sípò, nǹkan bíi 13,000 èèyàn ló rí àwòrán látinú kámẹ́rà ẹlòmíì. Lọ́dún 2022 ẹ̀wẹ̀, Eufy, ilé iṣẹ́ kámẹ́rà mìíràn tó ń polówó pé fídíò ò ní kúrò nílé, wọ́n ká a mọ́ ibi tí àwòrán kéékèèké ti ń lọ sí cloud. Nítorí náà ohun tí wọ́n kọ sára páálí nìkan ò tó, ẹ wọnú sẹ́tíǹsì, ẹ pa cloud ti pálọ̀ níbẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù tó bá rẹ́kọ́dà wá látilé iṣẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e dé ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí áàpù cloud máa béèrè kóòdù kejì lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù.

Ẹ yẹ aago rẹ́kọ́dà náà wò pẹ̀lú kó bá ti fóònù yín mu o, torí mi ò mọ ohun tí ọlọ́pàá fẹ́ fi fídíò olè àná ṣe tí déètì ẹ̀ bá ń sọ ọdún 2000.