Kòkó mi ń dúdú lórí igi l'Óńdó, mo sì ń gbàdúrà. Kí ni kí n ṣe kún un?

Má dá àdúrà dúró. Opó inú Lúùkù 18 kò yéé lọ bá adájọ́. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù 2:17 ní òkú ni ìgbàgbọ́ tí kò níṣẹ́. Ọ̀rinrin àti ibòòji tó pọ̀ jù ló ń fún àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú yìí lágbára, nítorí náà gé ẹ̀ka dínkù kí atẹ́gùn lè wọlé. Já èso tó dúdú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò, kí o sì kó o kúrò lóko. Má dà á sídìí igi. Fín oògùn tó ní kópà, kí o tún un fín ní ọ̀sẹ̀ 3-3. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́: wọ́n á fín in lẹ́ẹ̀kan, òjò á fọ̀ ọ́ dànù, wọ́n á ní Ọlọ́run kò gbọ́.